Aṣọ Òjò Nínú Oòrùn

Bí ẹ bá wo Poker Face tí Rian Johnson gbé jáde lọ́dún 2023, ẹ ti pàdé Columbo, bí ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lórúkọ. Ojú wa ni apààyàn ṣe ń pààyàn. A rí bó ṣe nu ọwọ́, a rí bó ṣe to irọ́ rẹ̀ jọ, ẹ̀yìn ìgbà náà ni ẹni tó máa mú un tó yọjú. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé ta ló ṣe é. Bí ọwọ́ yóò ṣe tẹ̀ ẹ́ la jókòó wò. Ẹni tó bá gbọ́ àlọ́ Ìjàpá ní kékeré kò ní pe èyí ní ọgbọ́n tuntun, torí ìgbà wo la jókòó sídìí àlọ́ Ìjàpá tí a ò mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé Ìjàpá náà ló jí i?

Ibi tí Johnson ti yá ọgbọ́n yẹn ni Columbo, ìtàn Lieutenant ọlọ́pàá kan ní Los Angeles tí Richard Levinson àti William Link dá sílẹ̀. Peter Falk ló ṣe é láti 1968 títí di 2003: fíìmù 69 láàárín ọdún 35. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí àkọ́kọ́ jáde ti lè di bàbá ọmọ mẹ́ta kí èyí tó kẹ́yìn tó dé. Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó fẹ́ràn Falk máa ń sọ, òun la fẹ́ bá wọn jà sí lónìí. Wọ́n á ní, "Ọkùnrin yẹn ò tiẹ̀ ṣeré, bó ṣe rí nílé náà nìyẹn." Oríyìn ni wọ́n fi ṣe o. Lójú tiwa, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Báwo ló tiẹ̀ ṣe rí nílé? New York ni wọ́n bí Falk sí lọ́dún 1927. Ó gba oyè másítà nínú ìṣàkóso ìlú ní Yunifásítì Syracuse ní 1953, ó sì lọ ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ètò ìnáwó ìpínlẹ̀ Connecticut, níbi tó ti ń yẹ bí iṣẹ́ ìjọba ṣe ń lọ wò kí owó má baà ṣòfò. Òṣìṣẹ́ ìjọba gidi. Ó ti sún mọ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún kó tó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún eré. Kó tó di 1968, wọ́n ti dárúkọ rẹ̀ fún Oscar lẹ́ẹ̀méjì, ó sì ti gba Emmy kan. Kì í ṣe ẹni tí wọ́n kàn rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú aṣọ rírún, tí wọ́n ní kó wá dúró níwájú kámẹ́rà.

Òun kọ́ sì ni Columbo àkọ́kọ́. Bert Freed ti ṣe é lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1960, Thomas Mitchell ṣe é lórí ìtàgé ní 1962. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ eré orí ìtàgé náà, Prescription: Murder, di fíìmù, Lee J. Cobb àti Bing Crosby ni wọ́n ní lọ́kàn, àwọn tó ju Falk lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Falk, ẹni 40 ọdún, ló padà gbà á. Ẹ lọ wo fíìmù yẹn kí ẹ rí ohun tí à ń wí. Columbo inú rẹ̀ ya irun, ara rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ mú. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ó fi ohùn líle dojú kọ ọmọbìnrin tó ran apààyàn lọ́wọ́, débi pé ẹ̀rù á ba ẹ̀yin tí ẹ̀ ń wò. Níbẹ̀ náà ni dókítà ọpọlọ tó pa ìyàwó rẹ̀ (Gene Barry ló ṣe é) ti jókòó ti ọtí, tó tú Columbo wò bí ẹni ń tú ẹrù. Ó ní ọkùnrin yìí mọ̀ pé ìrísí òun ò jọ èèyàn lójú, ó wá sọ ọ́ di ohun ìjà. Ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́n kí wọ́n lè fojú di í.

Ìyẹn ni pé láti ọjọ́ kìíní ni ìwé eré ti sọ fún wa pé òṣèré ni Columbo fúnra rẹ̀. Falk ń ṣe ẹni tó ń ṣe. Eré méjì ló gun ara wọn yẹn, bí ọ̀kan bá fì, èkejì á wó. Ẹni tó bá wá sọ pé bó ṣe rí nílé nìyẹn, Columbo ti tan òun náà jẹ bó ṣe ń tan àwọn apààyàn jẹ.

Díẹ̀díẹ̀ ló kó ẹrù ọkùnrin yìí jọ. Àwọn tó ń bójú tó aṣọ gbé aṣọ kan fún un, kò fẹ́ ẹ. Aṣọ òjò tirẹ̀ ló gbé wá láti ilé, ó sì wọ̀ ọ́ nílùú tí oòrùn ti ń mú fún ọ̀pọ̀ oṣù láàárín ọdún. Ọkọ̀ ńkọ́? Pijó 403 tó ti gbó ni. Ẹ̀yin tí bàbá àgbà yín wa 504, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà nìyẹn. Ajá onílétí gbọọrọ tí kò lórúkọ dé ní 1972, Falk ò sì kọ́kọ́ fẹ́ ẹ, ó ní aṣọ àti ọkọ̀ ti tó, àfìgbà tó fojú kan ajá náà tó rí i pé ó rẹ̀ ẹ́ ju òun lọ. Sìgá ńlá, ìyàwó tí a ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ tí a ò rí i rí, pẹ́ńsù tí kì í sí lápò nígbà tó bá fẹ́ kọ nǹkan. Gbogbo èyí lẹ máa rí gé wẹ́wẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pàápàá bó ṣe máa ń dé ẹnu ọ̀nà, tí apààyàn ti mí kanlẹ̀ pé ó ti lọ, kó tó yí padà pé ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ló kù.

Ṣùgbọ́n ohun tí kò ṣeé gé wẹ́wẹ́ ni ojú rẹ̀. Ọmọ ọdún 3 ni Falk nígbà tí wọ́n yọ ojú rẹ̀ ọ̀tún nítorí jẹjẹrẹ. Ojú àtọwọ́dá ló fi dàgbà, ó sì ròyìn pé ọ̀gá iléeṣẹ́ fíìmù ńlá kan tìtorí rẹ̀ kọ òun sílẹ̀. Ẹ wá wò ó dáadáa nínú Columbo. Ẹlòmíràn tó bá fẹ́ wo ẹni tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ẹyinjú lásán ló máa yí. Òun gbọ́dọ̀ yí ọrùn, nígbà míì gbogbo ara. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dà bíi pé ó ń pẹ́ kó tó rí nǹkan, bíi pé ọ̀rọ̀ kì í tètè yé e. Apààyàn á wò ó, á ní irú èyí wo ni wọ́n rán sí mi? Kò ní mọ̀ pé bí ọrùn yẹn bá fi lè yí báyìí, ó ti rí bàtà tí okùn rẹ̀ so sódì. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ̀ ọ́ níbòmíràn ló fi kọ́ ilé yìí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni fíìmù náà ò fi mẹ́nu bà á. Ìgbà tó di 1997, nínú A Trace of Murder, ni Columbo tó fi ṣàwàdà pé ojú mẹ́ta sàn ju ẹyọ kan.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń jiyàn pé kì í ṣe eré, ẹ gbé e lọ síwájú A Stitch in Crime, 1973. Leonard Nimoy ni apààyàn, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn. Ó fi òwú tó máa ń yòrò rán ọkàn ọ̀gá rẹ̀ kí ọ̀gá náà lè kú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan bí ẹni tí àìsàn pa, ó sì ti pa nọ́ọ̀sì tó fura. Bí Columbo ṣe tẹ́ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ níwájú rẹ̀ ní ọ́fíìsì, ẹ̀rín ló bú sí. Columbo náà bá a rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lójijì ló gbé ìkòkò omi tó wà lórí tábìlì, ó sì là á mọ́ ibẹ̀ gbàgà. Ohùn rẹ̀ ò ga. Gbogbo tíkítíkí ara ló kúrò: orí ò fì mọ́, ọwọ́ ò wá nǹkan kiri nínú àpò mọ́. Ó ní kó tọ́jú ọ̀gá rẹ̀ yẹn dáadáa o, torí bó bá kú, wọ́n á yẹ òkú rẹ̀ wò. Ìṣẹ́jú kan péré, ó sì ti jáde lọ. Nínú ìṣẹ́jú yẹn la rí i pé ẹni tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ láti ọjọ́ yìí, ó mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Falk fi ìbínú yẹn pa mọ́ fún wákàtí kan gbáko kó tó ná an. Ẹni tí kò ṣeré kì í mọ bí a ṣe ń tọ́jú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Èyí tí àwa fẹ́ràn jù lọ ṣì ni Any Old Port in a Storm, ọdún kan náà. Donald Pleasence ṣe Adrian Carsini, ẹni tó ń pọn wáìnì, tó fẹ́ràn wáìnì ju èèyàn lọ, tó sì pa àbúrò rẹ̀ torí ó fẹ́ ta oko àjàrà. Àwọn tí Columbo ń mú sábà máa ń jẹ́ olówó: onílé ńlá ní Beverly Hills, dókítà, agbẹjọ́rò, òǹkọ̀wé, àwọn tí wọ́n gbà pé ọlọ́pàá aláṣọ gbígbó ò lè tó òun wò. A máa ń gbádùn bó ṣe ń já wọn walẹ̀, ká má purọ́. Ṣùgbọ́n níbí, Columbo lọ kọ́ wáìnì. Ó kọ́ ọ débi pé inú Carsini dùn pé nígbẹ̀yìn gbẹ́yín òun rí ẹni tí òun lè bá sọ̀rọ̀. Ìmọ̀ yẹn náà ló fi mú un. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ó gbé ìgò wáìnì kan jáde nínú Pijó yẹn, àwọn méjèèjì sì mu ún níwájú oko kí wọ́n tó gba ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Ṣé ó ń dibọ́n nígbà tó ń kọ́ wáìnì ni, àbí ó fẹ́ràn ọkùnrin náà lóòótọ́? Falk ò sọ fún wa. Ó kàn ń gbọ́ Pleasence, ó ń gbọ́ ọ pẹ̀lú gbogbo ojú. Bí ẹ bá ń wá ọgbọ́n rẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá a. Etí ló fi ń ṣe Columbo ju aṣọ òjò lọ.

Òun àti iṣẹ́ yìí ò sì jókòó pẹ̀sẹ̀ rí. Ó bá iléeṣẹ́ jà lórí owó, ìgbà kan wà tí kò yọjú síbi tí wọ́n ti ń yàwòrán. Ó fẹ́ ṣe ohun míì. Pẹ̀lú John Cassavetes ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó wá ṣe apààyàn fún un nínú Étude in Black, ó ṣe Husbands ní 1970 àti A Woman Under the Influence ní 1974, ó sì fi owó ara rẹ̀ sínú èyí kejì. Ibo ni owó ti ń wá nígbà náà? Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ wo Falk nínú fíìmù yẹn, ọkọ tí kò mọ ohun tó lè ṣe sí àìsàn ìyàwó rẹ̀, tó ń pariwo, tó ń gbá èèyàn létí. Ẹ ò ní rí Columbo níbẹ̀ bí ẹ bá fi àtùpà wá a. Ọdún kan náà ló ń ṣe méjèèjì.

Ní 1987, Wim Wenders mú un lọ sí Berlin fún Wings of Desire, ó ní kó ṣe ara rẹ̀: òṣèré Amẹ́ríkà kan tó wá yàwòrán. Àwọn ọ̀dọ́ kan rí i lójú pópó, wọ́n ní Columbo nìyẹn, wọ́n tún jiyàn pé kò lè jẹ́ òun, kò lè wọ aṣọ yẹn kiri ibí. Ẹ̀rín rẹ̀ dùn, ó sì tún ń dunni díẹ̀. Ẹ̀yin tó dàgbà sídìí eré Yorùbá mọ̀ ọ́n. Ẹ pe Moses Ọláìyá lójú ọjà, kò sẹ́ni tó máa yíjú. Ẹ pe Bàbá Sàlá. Ẹ pe Òjó Arówóṣafẹ́. Fádèyí Olóró ni gbogbo ayé mọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí o. Columbo kúrò lórí NBC ní 1978, ó padà dé lórí ABC ní 1989, a ò sì lè fi ìfẹ́ bo ohun tó ṣẹlẹ̀ mọ́lẹ̀. Àmì rẹ̀ tiẹ̀ ti yọ tẹ́lẹ̀, nínú Last Salute to the Commodore ní 1976, tí Patrick McGoohan darí: Columbo ń jókòó lé èèyàn lára, ó ń ráhùn lábẹ́ ẹnu, kò dájú fún wa bóyá ó ń dibọ́n tàbí ó ti ń ṣàìsàn. Lẹ́yìn 1989, nǹkan yẹn di àṣà. Tíkítíkí tó ń fi mú apààyàn tẹ́lẹ̀ wá di ohun tó ń ṣe fún àwa tí à ń wò. Nínú Sex and the Married Detective ó fọn fèrè tuba fún àwọn ọmọdé, eré náà sì dúró dè é kó fọn tán. Falk ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Columbo bí àwọn aláwàdà ṣe ń sín Columbo jẹ. Ní No Time to Die, 1992, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ ká rí ìpànìyàn kankan. Ìjínigbé ìyàwó tuntun ni, Columbo ń sáré kiri bí ọlọ́pàá fíìmù yòókù, ohun tó mú un yàtọ̀ ti lọ.

Àwa tí à ń wò náà pín nínú ẹ̀bi yẹn. Àwa là ń dúró de ẹnu ọ̀nà, de ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó kù, tí inú ń bí wa bí kò bá tètè sọ ọ́. Ẹni tí wọ́n bá ń pàtẹ́wọ́ fún torí ohun kan fún ogún ọdún, báwo ló ṣe máa ṣe é wẹ́rẹ́ mọ́? Síbẹ̀, bí wọ́n bá gbé ẹni tó tó o síwájú rẹ̀, etí yẹn á tún là. Nínú Agenda for Murder, 1990, McGoohan yìí kan náà ni apààyàn. Ṣe ni Falk jókòó tì í tó sì ń gbọ́ ọ bí ẹni pé 1973 la ṣì wà. Wọ́n fún un ní Emmy ọdún yẹn, ìkẹrin rẹ̀ fún Columbo. Wọn ò ṣìṣe.

Columbo Likes the Nightlife ló kẹ́yìn, 2003. Ẹni ọdún 75 ni. Ó ṣì fẹ́ ṣe ọ̀kan sí i, wọn ò gbà fún un.

A fẹ́ padà sí 1975 kí a tó dákẹ́, sí Forgotten Lady. Janet Leigh ṣe Grace Wheeler, òṣèrébìnrin tó ti lókìkí rí, tó fẹ́ padà sórí ìtàgé. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ dókítà, kò fún un lówó rẹ̀, ó sì pa á. Ní alaalẹ́, Grace á jókòó sínú òkùnkùn, á máa wo fíìmù tó ti ṣe nígbà tó wà lọ́mọge. Fíìmù tí Janet Leigh ṣe lóòótọ́ ní 1953 ni wọ́n lò. Columbo ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó kó ẹ̀rí jọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá rí i nínú ìwé ọkọ náà pé àìsàn kan wà lọ́pọlọ Grace, pé kò ní pẹ́ kú, pé ó ń jẹ ìrántí rẹ̀ lọ. Ìdí tí ọkọ ò fi fún un lówó nìyẹn, kò sì sọ fún un. Obìnrin náà pààyàn, kò sì rántí mọ́ pé òun pààyàn. Nígbà tí Columbo tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, Ned, ọ̀rẹ́ Grace tó ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ní òun lòun ṣe é. Columbo mọ̀ pé irọ́ ni. Ó sọ fún un pé ọ̀rọ̀ náà ò ní lè dúró pẹ́ kí wọ́n tó já a. Ned ní ó lè gba oṣù bíi méjì. Columbo gbà.

Ní 2009, ní ilé ẹjọ́ kan ní Los Angeles níbi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí ẹni tí yóò máa tọ́jú Falk, dókítà kan jẹ́rìí pé ìyè rẹ̀ ti ra débi pé kò rántí pé òun ṣe Columbo rí. Ó kú ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà 2011, ẹni ọdún 83. Ní Budapest, ère rẹ̀ dúró lójú pópó láti 2014, pẹ̀lú aṣọ òjò àti ajá rẹ̀; òun kọ́ ló wà níbẹ̀, Columbo ni.

Bí ẹ ò bá tíì wò ó rí, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti 1989. Ẹ mú Prescription: Murder kí ẹ rí ìgbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì mú, kí ẹ kọjá sí A Stitch in Crime, kí ẹ mu wáìnì pẹ̀lú Carsini. Ẹ fi Forgotten Lady sí ìkẹyìn. Bó bá kù díẹ̀ kó tán, tí Grace ti padà sídìí fíìmù rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣẹ́ sí i lójú, ẹ má wo Grace. Ẹ wo ọkùnrin ẹni ọdún 47 tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, tí kò ṣe nǹkan kan, tí ọwọ́ rẹ̀ ò wá nǹkan kan nínú àpò.